Ọ̀gá Tó Fi Ẹjọ́ Mítà Sùn

Títí di òní, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́ ní Ọ̀kà: ọjọ́ tí olóògbé Ọ̀gá Dáramọ́lá, tíṣà físíìsì, di mítà tí wọ́n fi ń wọn iná sínú áńkáṣíìfù, tó gbé e lọ bá ọ̀gá àgbà ilé ìwé pé ó purọ́ lójú àwọn ọmọ.

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe fún mítà? Kí n nà án ni?"

"Ẹ lé e lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì."

Ohun tí mítà ṣe ò pọ̀. Wọ́n to rẹ̀sísítọ̀, ohun tó ń dín agbára iná kù, méjì tó dọ́gba tẹ̀ lé ara wọn lórí bátìrì onífólítì méjìlá. Ọ̀gá ti ṣírò rẹ̀ sójú pátákó: mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Mítà ní mẹ́rin ni. Wọ́n gbé e sórí ìkejì, mẹ́rin náà ló tún pè. Fólítì mẹ́rin di àwátì, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò jáde ní kíláàsì.

Bí Ọ̀gá ṣe rí nìyẹn. Nígbà tó fẹ́ rán ṣòkòtò, kò jẹ́ kí télọ̀ fi téèpù kàn án. Ó ti ṣírò ìbàdí ara rẹ̀. Ọwọ́ ló fi di ṣòkòtò náà mú wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ìṣirò mi péye," ló wí fún ìyàwó rẹ̀, Ìyá Bísọ́lá. "Èmi ni mo rù."

Wàhábì, tó ń kọ́ni ní físíìsì ní Ìkàrẹ́, ló máa ń wá bá a jiyàn. Sátidé ò ní í dé kó má gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀kà. Wọ́n á jẹ iyán, wọ́n á sì fa fólítì mẹ́rin yẹn títí Ìyá Bísọ́lá á fi lé wọn síta. Ní ọjọ́ kan, Wàhábì ní kí Ọ̀gá gbà pé òun ló ṣì í ṣírò.

"Lọ rò ó wá," Ọ̀gá dáhùn. "Tí o ò bá tíì rí i, má wá jẹ iyán mi mọ́."

Àwàdà ni. Wàhábì gbà á sí òótọ́, ó bínú lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò parí, kò dé Ọ̀kà.

Ìgbà tó yá, ó rí i. Mítà fúnra rẹ̀ ló ń mu nínú iná tó fẹ́ wọ̀n, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò títí ọbẹ̀ fi lọ sílẹ̀. Bó bá ti kan rẹ̀sísítọ̀, fólítì á já wálẹ̀. Tí wọ́n bá mú un kúrò, á padà sí mẹ́fà. Ìṣirò Ọ̀gá péye, mítà ò sì purọ́. Wàhábì ń dá nìkan rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Sátidé tó ń bọ̀, òun á lọ. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n pè é pé Ọ̀gá ti kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó ṣàlàyé fún Ìyá Bísọ́lá. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó fi gèlè nu ojú.

"Ó ti mọ̀ tipẹ́, Wàhábì. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lé mítà yẹn lọ sílé gan-an ló ti mọ̀."

"Màmá, kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?"

"Mo bi í. Ó ní tóun bá sọ fún ọ, kí lo tún fẹ́ máa wá ṣe ní Ọ̀kà?"

Wàhábì bú sẹ́rìn-ín, omi sì dà lójú rẹ̀. Ó dùn ún wọra. Ká ní ó mọ̀ pé àwàdà lásán ni, ì bá máa lọ láìrí ìdáhùn kankan, ní gbogbo Sátidé òjò yẹn.