Ìbọn Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ Nítorí Àgbọ̀nrín

Ẹ̀gbọ́n mi Verla, ó pé ọjọ́ mọ́kànlélógójì lónìí tí Royce, ọkọ yín àtijọ́, yìnbọn pa yín lẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tí ẹ ti ń wà kiri láti ọdún méjìlélógún. Inú ìwé ìròyìn ìlú wa ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Ẹ̀yin kò lè kà á mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó yẹ kó kà á wà láàyè, wọ́n sì ń jẹun dáadáa.

Kóòtù ti pàṣẹ pé kí Royce má ṣe sún mọ́ yín, kí ó sì kó ìbọn rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ni mo wa ọkọ̀ gbé yín lọ sọ́dọ̀ Lyle, ọ̀gá ọlọ́pàá wa. Etí mi ló ṣe.

"Verla, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù kí ìjọba ṣí àsìkò ọdẹ àgbọ̀nrín. Ṣé irú àsìkò yìí ni wọ́n ń gba ìbọn lọ́wọ́ ọkùnrin?"

"Lyle, àgbọ̀nrín kọ́ ló ń lérí pé òun máa pa."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Láti ilé-ìwé ni ẹnu rẹ ti mú bí abẹ! Jẹ́ kó pa ẹran tiẹ̀ ná. Tí ọdẹ bá ti parí, èmi fúnra mi á lọ gbà á. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣáà ni."

Royce kò dúró de àgbọ̀nrín. Ó ku ọjọ́ méjì kí ọdẹ ṣí ni ó pa yín.

Ẹ̀tọ́, àbí? Ẹni tó bá yìnbọn fún àgbọ̀nrín kí àsìkò rẹ̀ tó tó, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ nílùú yìí. Àgbọ̀nrín ní òfin tó ń ṣọ́ ọ. Kí ni ẹ̀yin ní? Ìwé kóòtù kan nínú báàgì yín.

Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní ọ̀tá ìbọn. Bàbá wa ló kọ́ àwa méjèèjì ní ìbọn yíyìn. Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ pa ẹran, ẹ sunkún títí Bàbá fi bó awọ rẹ̀ tán, ẹ sì jẹ nínú ọbẹ̀ náà ju gbogbo wa lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn panápaná ní àwọn fẹ́ bọlá fún yín. Wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ láti fi kó owó jọ, fọ́tò yín wà lára rẹ̀. Kí ni ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá jáde yóò gbà? Ìbọn tuntun!

"Má bínú, Nadine," ni Opal tó ń tà á wí. "Ọdọọdún la máa ń ṣe é. Inú Verla ì bá dùn sí i."

"Verla ti gba tirẹ̀ sáyà," ni mo dá a lóhùn. Ó wo ilẹ̀, ó sì ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó wà lẹ́yìn mi.

Lyle ṣì jókòó sórí àga ọ̀gá ọlọ́pàá. Ó gbé òdòdó wá síbi ìsìnkú yín. Kò gbé àlàyé kankan wá. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga náà. Mo ní kí ìgbìmọ̀ àgbègbè wa ṣòfin pé lọ́jọ́ tí kóòtù bá sọ̀rọ̀ gan-an ni ìbọn gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ irú Royce, ọdẹ ì báà ṣí, ì báà tì.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ náà ń fún ará ìlú láti sọ̀rọ̀ nípàdé lóṣooṣù. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀kan; wọ́n ń wo aago. Màá tún lọ lóṣù tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, àti oṣù tó tẹ̀ lé e. Mi ò ní pa ìpàdé kankan jẹ.