Ìdì Fáìlì Tí Mo Jókòó Lé

Bí mo bá ní mo ti dárí ji akọ̀wé àgbà kóòtù wa, irọ́ ni mo pa. Ó ti kú. Àwọn èèyàn ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Èmi ò bá wọn ṣe àmín.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi, ní abúlé kan lójú ọ̀nà Ìjàyè. Kí n tó wọ ilé ìwé míṣọ̀n ni kóòtù ìbílẹ̀ ti dá wọn láre nínú ẹjọ́ ilẹ̀ oko wọn. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, àwọn tó bá wọn ṣẹjọ́ tún padà wá, wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ sáàárín kòkó. Bàbá mi lọ sí kóòtù láti gba ẹ̀dà ìdájọ́ àtijọ́, torí àwọn ẹlẹ́rìí wọn ti kú tán. Akọ̀wé àgbà ní fáìlì kò sí. Wọ́n lọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Èmi ni mo sìn wọ́n lọ lẹ́ẹ̀kẹta yẹn. Ọkùnrin yìí, tí kò ju ẹ̀gbọ́n mi lọ, pariwo mọ́ wọn láàárín èrò: "Ìwọ bàbá yìí, ṣé mo gbé fáìlì rẹ jẹ ni? Kúrò níwájú mi!"

Ìwọ! Fún bàbá mi! Wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n tún un dé, a sì fi ẹsẹ̀ rìn délé. Wọn ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní, ó dáa, a ó jọ pàdé.

Nígbà tí mo kọ́ táípù tán ní Mọníyà, kóòtù yẹn gan-an ni mo lọ wáṣẹ́ sí. Orúkọ tí wọ́n fún mi ní míṣọ̀n ni mo fi wọlé, akọ̀wé àgbà ò sì kíyè sí mi láàárín èrò ọjọ́ yẹn, kò mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́.

Kò pẹ́ ni wọ́n ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pé kí a di gbogbo fáìlì àtijọ́ kí wọ́n kéré, kí a fi wọ́n ránṣẹ́ kí ikán tó jẹ wọ́n tán. Iṣẹ́ náà ní ètò. A ó yọ abẹ́rẹ́ tó ti dípẹtà kúrò lára ìwé, a ó to fáìlì lé ara wọn lórí pákó, a ó gbé pákó mìíràn lé e, ẹnìkan á wá jókòó lé e títí òkìtì tó ga dé orúnkún á fi di ìdajì. Lẹ́yìn náà la ó fi okùn òwú dì í, tí a ó lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ọn lórí: gbogbo ẹjọ́ tó wà nínú ìdì náà, àti nísàlẹ̀, ọjọ́ àti ọwọ́ akọ̀wé àgbà pé òun ti yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. A ó tún da ohun kan náà kọ sínú ìwé ńlá tí kì í kúrò ní ọ́fíìsì.

Èmi ni akọ̀wé àgbà, tó ti di ọ̀gá mi báyìí, yàn pé kí n máa jókòó. Á ní, "Ẹ wò ó, ìdí ọmọ yìí wúlò ju ọpọlọ rẹ̀ lọ," òun àti mẹ́sénjà á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Eyín lásán ni.

Òun ò yẹ nǹkan kan wò. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, á kọ ọjọ́, á fọwọ́ sí ogún ìwé pélébé tí kò tíì sí ohun kan lórí wọn, á gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ṣáṣá níbi tó ti ń ra àgbàdo pamọ́. Á ní kí èmi kọ ìyókù sí i.

Lọ́jọ́ kan mo tú ìdì kan tí wọ́n fi ìkó dì, dípò okùn òwú tiwa. Akọ̀wé tó ṣíwájú ọ̀gá ló máa ń lo ìkó, kò sì sí ẹni tó tíì fọwọ́ kan ìdì yẹn látìgbà náà. Láàárín ẹjọ́ àwọn obìnrin tó kọ ọkọ, mo rí fáìlì bàbá mi. Ọkùnrin yìí ò gbé e pamọ́ rárá. Ìmẹ́lẹ́ ni kò jẹ́ kó tú okùn.

Ká ní mo gbé e fún ọ̀gá lójú ẹsẹ̀, bàbá mi á gba ẹ̀dà wọn lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀gá á sì máa yangàn pé òun lòun wá a rí. Ó tì o! Mo mú ọ̀kan nínú ìwé tó ti fọwọ́ sí, mo kọ ẹjọ́ bàbá mi sí ìlà àkọ́kọ́, mo jókòó lé ìdì náà, mo fi okùn òwú dì í. Ọkọ̀ gbé e lọ sí Ìbàdàn.

Mo wá ní kí bàbá mi kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ kóòtù níbẹ̀. Mi ò sọ ohun tí mo mọ̀. Ìbàdàn bi ọ̀gá, ó sì ní kí n tẹ èsì pé òun ò fojú kan fáìlì náà rí, pé òpùrọ́ ni bàbá náà. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé kí n kọ́kọ́ wo ìwé ńlá?" Ó ní, "Ṣé ìwọ lo gbà mí síṣẹ́ ni? Tẹ̀ ẹ́!" Mo tẹ̀ ẹ́. Kò sí àṣìtẹ̀ kankan níbẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀ gbà. Láàárín rẹ̀, àwọn tó ń bá wọn jà sílẹ̀ gé ìlà kòkó mẹ́ta lulẹ̀. Bàbá mi á wá sọ fún mi nírọ̀lẹ́. Èmi á ní, "Ẹ ṣe sùúrù, bàbá." Mo sì mọ ibi tí fáìlì wà.

Nígbà tí Ìbàdàn tú ìdì, aláṣẹ kan wá pẹ̀lú ìwé pélébé náà lọ́wọ́ ọ̀tún, èsì tí mo tẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Ó bi ọ̀gá pé ọwọ́ ta ló wà lórí méjèèjì. Ọ̀gá ní ọwọ́ òun ni. Ó wojú mi, mo wojú rẹ̀, mi ò gbójú kúrò. Wọ́n ní ó gbé fáìlì pamọ́ fún àwọn ọ̀tá bàbá mi, wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá mi gba ilẹ̀ wọn padà.

Mo sọ bó ṣe jẹ́ fún wọn. Mo rò pé wọ́n á yọ̀. Wọ́n ní, "Ìlà kòkó mẹ́ta. O mọ̀, o ń wò mí?" Mo ní mo mọ̀. Wọ́n ní, "Ọkùnrin yẹn ya ìmẹ́lẹ́, àmọ́ kò ṣe ohun tí wọ́n torí rẹ̀ lé e. Lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́."

Mo lọ. Mo bá a lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣẹ́ àgbàdo pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ó ti rù. Ó ní, "O mọ̀ pé mi ò gbé fáìlì yẹn pamọ́."

Mo ní, "Mo mọ̀." Orúnkún mi kọ̀, kò tẹ̀. Kí n má parọ́, inú mi dùn débi pé ẹ̀rín fẹ́ gbà mí lẹ́nu. Mo yí padà, mo gba ọ̀nà ilé.

Bàbá mi ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n bi mí bóyá mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní mo kúnlẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ṣàdúà fún mi lórí ìdúró níbẹ̀, wọ́n pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, mo sì ń ṣe àmín.