Ojú Kámẹ́rà Àtijọ́ ní Kùtọnú

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí èmi àti Kẹ́hìndé, ọmọ mi obìnrin, wọ ọkọ̀ akẹ́rù ní Àgbádárìgì. Kùtọnú là ń lọ, lọ́dọ̀ àwọn Faransé, nítorí ojú kámẹ́rà kan. Ayàwòrán ni mí. Nígbà tí Táíwò fi wá sílẹ̀, mo ṣe bí àṣà wa: mo ya Kẹ́hìndé lẹ́ẹ̀mejì, nínú aṣọ tirẹ̀ àti nínú aṣọ Táíwò, mo so méjèèjì pọ̀ sórí pépà kan, kí ìbejì lè tún jókòó pọ̀. Ìyá wọn wò ó títí, ó ní, "Bàbá Ìbejì, Kẹ́hìndé méjì ni mo rí." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun.

Àwòrán kan ṣoṣo tí wọ́n jọ yà, Agùdà àgbàlagbà kan ló yà á ní Kùtọnú nígbà tí wọ́n ṣì ń rákòrò. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe ojú kámẹ́rà rẹ̀ àti tèmi, ṣùgbọ́n àkọ́ṣe ni tirẹ̀, òun gan-an ni mo ń wá lọ.

Iyanrìn ni gbogbo ọ̀nà láti Sẹ̀mẹ̀ dé Ekpè. Ẹ̀ẹ̀mejì la sọ̀ kalẹ̀ ti ọkọ̀. Awakọ̀ wa ń bú iyanrìn bí ìyàwó tí ń bú orogún. Ní Ekpè mo ra ẹja díndín, ó tóbi ju ti ilé wa lọ. Kẹ́hìndé jẹ ìdajì, ó fi ewé di ìyókù. Mo rò pé ó ti yó ni.

"Bọ̀njúù, Bàbá Ìbejì!" ni Agùdà náà fi kí mi nígbà tí a dé Kùtọnú. Bọ̀njúù kan náà ni wọ́n fi ń kíni láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Nílé wa, a ó ní wọn kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó gba ojú kámẹ́rà tèmi tí mo mú dání, ó gbé e pẹ̀lú tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Wò ó. Dígí tèmi mọ́ lásán. Ìmọ́lẹ̀ ń ṣáko nínú rẹ̀, ló fi ń rọra yí orí èèyàn ká. Tìrẹ, wọ́n ti fi nǹkan bí aró kùn ún. Ìmọ́lẹ̀ ò ráyè ṣáko mọ́, gbogbo àpá ló ń hàn."

Mo rántí àpá kékeré tó wà níwájú orí Kẹ́hìndé, tí Táíwò kò ní.

Ó ya Kẹ́hìndé lẹ́ẹ̀kan. Bí mo ṣe yọ aṣọ Táíwò jáde, ọmọ náà bojú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Bàbá, Táíwò ńkọ́? Ṣebí ẹ ní ó rìnrìn àjò. Àwa náà ti rìnrìn àjò dé."

Ó tú ewé ọwọ́ rẹ̀. Ìdajì ẹja ni.

A kì í sọ pé ìbejì kú. Ìrìn àjò là ń sọ pé ó lọ, èmi fúnra mi ni mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Omi bọ́ lójú mi níwájú ẹni ẹlẹ́ni.

"Ó ti kúrò níbí, ọmọ mi," ni Agùdà náà bá mi dá a lóhùn.

Kẹ́hìndé wọ aṣọ náà, ó jókòó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì la délé. Nínú àwòrán náà ìmọ́lẹ̀ rọra bo orí ọmọ méjèèjì, àpá kò hàn. Ìyá wọn gbé e mọ́ àyà, ó ń sunkún: "Táíwò mi nìyí!" Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé ojú kámẹ́rà àtijọ́ lè tu ìyá nínú. Kẹ́hìndé kò tilẹ̀ wo àwòrán náà. Ó na ewé ẹja, tó ti ń rùn, sí ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ de Táíwò. A ò bá a níbẹ̀."