Aṣọ Ọdún Tí Mo Wọ̀ Lọ Gbẹ̀san

Mo rántí ìgbà tí kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà bí èmi ní gbogbo Òmù-Àrán. Ọ̀nà inú rúta, ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà fún íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mò ń sọ o. Ọ̀nà yunifásítì, ọdún kejì ni mo ti sọnù níbẹ̀, wọn ò sì tíì rí mi dòní.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra kaṣú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ló gbà mí síṣẹ́. Ìlọrin ni olú ilé-iṣẹ́ wà. Àwa àti Ṣàrẹ́ jẹ́ ẹ̀ka. Rúta ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan máa ń gba ìlà tí ilé-iṣẹ́ fà ṣòfófó fún èkejì: ti Ìlọrin á sọ fún tiwa pé, "Bó o bá ń wá Ṣàrẹ́, ọ̀dọ̀ mi ni kó o gbà." Ṣùgbọ́n òfófó ilé ò kọjá ilé nígbà yẹn; kò mọ nǹkan kan nípa ìta, níbi tí a ti ń wo iye tí kaṣú ń tà láràárọ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ dífọ́ọ̀tù sínú rúta wa, ìyẹn ọ̀nà tí ohunkóhun tí kò bá mọ ibi tó ń lọ máa gbà: kó gba rédíò orí òrùlé wa, èyí tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá, jáde. Ohun tí a bá sì fọwọ́ kọ, rúta máa ń gbà á gbọ́ ju òfófó lọ. Mo ṣe é tán, mò ń yan fanda.

Ọ̀gá ẹ̀ka wa ò rí ìyẹn rò. "Ìdajì-Ìwé" ló ń pè mí lójú àwọn àgbẹ̀. "Ìdajì-Ìwé, gbé àpò yẹn!" Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí mo pẹ́ dé, ó ní kí n máa lọ sílé, kí n lọ wá ìdajì tó kù. Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ṣì ń dún létí mi.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì tó ni rédíò yẹn pè mí, torí nọ́ńbà mi ló wà lọ́wọ́ wọn, pé àwọn máa pa iṣẹ́ àwọn tì ní Òmù-Àrán lọ́jọ́ Ajé. Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Iná rédíò á ṣì máa tàn, rúta á gbà pé ọ̀nà ṣì wà, á máa da gbogbo nǹkan sínú ihò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀gá á bẹ̀ mí, á gbà mí padà, á sì pè mí lórúkọ tí bàbá mi sọ mí.

Lọ́jọ́ Ajé, mo jókòó sọ́dọ̀ onítíì tó kọjú sí ọ́fíìsì, nínú aṣọ ọdún mi.

"Ṣé ọdún ti dé ni?" onítíì bi mí.

"Wálláhì, ọdún tèmi ni."

Oòrùn kàn mí látàrí. Fóònù mi ò dún. Mo pa á, mo tún tàn án, bóyá òun ló ń ṣàìsàn. Nígbà tó sú mi, mo wọlé. Akọ̀wé ọ̀gá ń jẹ ẹ̀pà, ó ń wo iye tí kaṣú ń tà lórí kọ̀ǹpútà.

"Dífọ́ọ̀tù tí mo kọ ńkọ́?"

"Tìẹ? Ọ̀gá ti ní kí wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ tó o lọ. Ìlọrin ló ń fi ọ̀nà ìta ránṣẹ́ sí wa báyìí, pẹ̀lú òfófó yín yẹn."

Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀gá yẹn dòní. Mi ò purọ́. Àmọ́ ohun tó dùn mí jù ni pé mo dúró síbẹ̀, aṣọ ọdún lọ́rùn mi, mo tún ń bi akọ̀wé bóyá ọ̀gá ò tiẹ̀ bèèrè mi lẹ́ẹ̀kan.

Ó gbé ẹ̀pà jù sẹ́nu. "Rárá."