Íjíbítì Tí Mọ́mì Lọ

Mi ò dé Las Vegas rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n ju ẹlòmíì tó ti sùn síbẹ̀ lọ. Ilé tẹ́tẹ́ kan ní Manchester ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo máa ń pín káàdì lórí tábìlì lọ́sàn-án. Òyìnbó àgbàlagbà kan tó máa ń wọ bọ́ọ̀sì wá láti Ramsbottom ló kọ́ mi níṣẹ́. Nígbà èwe rẹ̀, ó pín káàdì ní Las Vegas, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ ọn ju kó máa ròyìn ìlú náà fún mi tí a bá ń mu tíì.

Ó ní omi ìsun kan àti koríko tútù díẹ̀ láàárín aṣálẹ̀ ni ìlú náà tẹ́lẹ̀. Rélùwéè dé, wọ́n ta iyanrìn ibẹ̀ ní gbàǹjo. Ìjọba ní kí ẹni tó bá fẹ́ ta tẹ́tẹ́ máa ta á ní gbangba, làwọn jàǹdùkú olówó bá gba ibẹ̀, wọ́n ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń dán bọ́ǹbù ńlá wò nínú aṣálẹ̀ yẹn, àwọn àlejò á gun orí òrùlé òtẹ́ẹ̀lì tọwọ́ tife ọtí láti wo èéfín rẹ̀. Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti àwọn akọrin aláwọ̀ dúdú. Wọn á gbé wọn sórí ìtàgé, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n tí orin bá ti parí, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà jáde, nítorí wọn ò gbọdọ̀ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti kọrin. Mo mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Mo ti kọrin nínú ọ̀kan.

Nínú choir ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Mọ́mì ni olórí àwọn obìnrin níbẹ̀. Ó ju ìyá tó bí mi lọ lọ́jọ́ orí, ó yẹ kí n máa pè é ní "wọn", mo sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ̀. Níbí, "ó" ni màá pè é. Èmi fúnra mi ni mo lọ bá a pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe rèé, kó bá mi gbàdúrà kí n rí òmíràn. Ó di ọwọ́ mi mú, ó gbàdúrà títí omi fi bọ́ lójú àwa méjèèjì. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó gba máíkì, ó ní Ẹ̀mí fi hàn òun pé ẹnì kan nínú choir ń fi ọwọ́ tó fi ń pín káàdì èṣù di máíkì Ọlọ́run mú. Ó wá yíjú sí mi. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ní kí n bọ́ aṣọ choir.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, bóyá ǹ bá dárí jì í. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ. Ó tún fóònù sí Abẹ́òkúta, ó sọ fún ìyá ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ pé ọmọ ilé tẹ́tẹ́ ni ọmọ rẹ̀ ń mú bọ̀ wálé. Àwọn ẹbí wa ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, a ti dá ọjọ́ ìdána. Ọkùnrin náà pè mí, ó ń sunkún, ó ní òun ò lè ṣe ohun tí ìyá òun ò fẹ́. Nígbà tó yá, mo gbọ́ pé ó ti gbéyàwó. Mi ò béèrè ẹni tó fẹ́. Mọ́mì wá rọ̀ mí ní kọ́rọ̀ pé Ọlọ́run á fún mi ní èyí tó dára ju ìyẹn lọ. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mi ò kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Wọ́n rò pé onírẹ̀lẹ̀ ni mí, wọn ò mọ̀ pé ẹ̀san ni mo jókòó dè.

Nígbà tí Mọ́mì pé ọgọ́ta ọdún, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Nígbà tó dé, ó ní láti Amẹ́ríkà lòun ti ya Íjíbítì, ibi tí Jósẹ́fù gbé ọmọ náà Jésù sá lọ. Wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ sórí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Mọ́mì dúró nínú aṣọ funfun níwájú ère ńlá kan tí ara rẹ̀ jẹ́ ti kìnnìún, tí orí rẹ̀ jẹ́ ti èèyàn. Ìjọ hó yèè. Pásítọ̀ ní láti òní lọ, Mọ́mì ti di JP, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn tó bá lọ sí Jerúsálẹ́mù nílé.

Èmi ń wo imú ère náà. Imú rẹ̀ pé, ó sì ń dán. Ọ̀gá mi, òyìnbó tó kọ́ mi níṣẹ́, ti sọ fún mi pé nígbà tí ayé àwọn jàǹdùkú kọjá ní Las Vegas, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òtẹ́ẹ̀lì tó jọ ìlú onílùú: Róòmù tiwọn, Páríìsì tiwọn, Íjíbítì tiwọn. Ó ní ère ti Íjíbítì gan-an ti pàdánù imú rẹ̀ tipẹ́, ti Las Vegas ló ṣì ní imú. Ó ní o ò lè dé yàrá rẹ ní òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ láìgba àárín tábìlì tẹ́tẹ́ kọjá. Mo bá àwọn yòókù pàtẹ́wọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Mi ò fẹ́ kó tètè bá a. Mo fẹ́ kí irọ́ náà kọ́kọ́ sanra. Lẹ́yìn ìsìn, mo kúnlẹ̀ níwájú Mọ́mì láàárín àwọn obìnrin, mo ní kó jọ̀ọ́ sọ fún wa bí omi odò Náílì ṣe rí lẹ́nu. Ó ní ó dùn. Lọ́sẹ̀ kejì, mo béèrè nípa ràkúnmí, ó ní òun gùn ún. Bí mo bá ti béèrè, á wá nǹkan sọ, inú mi á sì dùn débi pé mi ò ní lè jẹun. Nígbà tí a ṣe ìpàdé ìjọ, mo nawọ́, mo ní kí ló dé tí Mọ́mì tó mọ ọ̀nà ò fi ní kó wa lọ sí Íjíbítì ní Ọdún Àjíǹde? Pásítọ̀ gbà á lẹ́nu mi. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, Mọ́mì sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn.

Ọ̀sán Sátidé kan ló wá bá mi nílé ní Ardwick. Mo bu omi fún un, kò mu ún. Ó béèrè bóyá mo mọ̀. Mo ní mo mọ̀. Ó ní ọmọ òun ló gba òtẹ́ẹ̀lì Las Vegas náà láìsọ fún òun, pé nígbà tí òun rántí ohun tí òun sọ sí mi ní gbangba, ojú ti òun láti sọ ibi tí òun sùn. Ló bá kúnlẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé kí ọmọdé jókòó. Ó yẹ kí n fò dìde, kí n wólẹ̀ fún un ju bó ṣe kúnlẹ̀ lọ, kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi mí gégùn-ún. Mo jókòó sórí àga mi, mò ń wo àárín orí rẹ̀. Ó ní òun á tún orúkọ mi ṣe, òun á pe ìyá ọkùnrin náà ní Abẹ́òkúta. Mo ní kó pè é báyìí, kó sì fi sí speaker. Ó lọ́ tìkọ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́.

Kò tíì sọ̀rọ̀ tí ìyá náà fi bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ pè. Ọmọ àbúrò yín bímọ láàárọ̀ yìí o, ọkùnrin làǹtì-lanti. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká gbàgbé yín, ẹ̀yin lẹ fi ìyàwó gidi rọ́pò ọmọ ilé tẹ́tẹ́ yẹn fún wa."

Mọ́mì pa fóònù náà. Ọmọ àbúrò rẹ̀. Gbogbo Ẹ̀mí tó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àna ló ń wá.

Ó ní, "Lọ́la, màá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì."

Mo mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ẹ̀rí ni wọ́n máa pè é. Pásítọ̀ á gbá a mọ́ra, ìjọ á pàtẹ́wọ́ fún un pé ó nígboyà, ọ̀rọ̀ á sì tán kí wọ́n tó bu ìrẹsì.

Mo ní, "Rárá o, mà. Tí ẹ bá sọ ti Íjíbítì, èmi náà á sọ ti ọmọ àbúrò yín. Ẹ máa kó wa lọ. Mo ti forúkọ sílẹ̀, mo sì ti ní kí wọ́n fi mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú plane. Níwájú ère tí kò nímú yẹn gan-an, ẹ máa sọ fún wa ibi tí ẹ dúró sí."

Ìgbà yẹn ni mo tó ní kó dìde.