Ìgbìmọ̀ Tẹlifíṣọ̀n Ilé Wa ní Bódìjà

Òórùn àkàrà ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òórùn ike tuntun sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Àkàrà ń gòkè láti ọ̀dọ̀ Ìyá Rìsì tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, ike tuntun ń bọ̀ láti pálọ̀. Mo sáré jáde láìfọnu. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kan ni wọ́n ti kàn mọ́ ògiri, ó dúdú, ó ń dán, gbogbo wa sì ń rí ojú ara wa nínú rẹ̀. Ọlidé gígùn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, òjò òwúrọ̀ ń rọ̀ wẹ́rẹwẹ̀rẹ sórí páànù, inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Ohun tí a ó máa wò nínú rẹ̀ ló kù. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ ìgbà tí mò ń sọ, ìgbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú ilé. Àwọn kan ń ra dikódà pẹ̀lú àwo ńlá tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé. Àwọn mìíràn ń ra àpótí kékeré kan tó ń fa fíìmù láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ohun tó bá wù ọ́ nígbà tó bá wù ọ́. Ní ilé ẹlòmíràn, wọn ìbá mú ọ̀kan, kí wọ́n jókòó tì í. Ṣùgbọ́n olùkọ́ yunifásítì ni bàbá wa, ọmọ Èkìtì, kò sì sí ohun tí wọ́n lè ṣe láìyan ìgbìmọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni "A ó gbé e yẹ̀ wò." Bí o bá tọrọ bàtà, a ó gbé e yẹ̀ wò. Bí ewúrẹ́ bá wọ ilé ìdáná, a ó gbé e yẹ̀ wò, ewúrẹ́ á sì ti jẹ ẹ̀fọ́ tán.

Èmi ni nǹkan ń kán lójú. Rìsì, ọmọ Ìyá Rìsì, ni ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo ní ilé yẹn. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ lọ sí Ìlọrin, òun àti ìyá rẹ̀ yóò sì tẹ̀lé e bí ọlidé bá ti ń parí. Mo ti ṣèlérí fún un pé kó tó lọ, a ó jọ jókòó sórí àga wa, a ó wo tẹlifíṣọ̀n títí ojú yóò fi máa ta wá.

Bàbá ni alága ìgbìmọ̀. Màmá, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì, ni akọ̀wé. Tólú ẹ̀gbọ́n mi ni onímọ̀ ẹ̀rọ, nítorí pé ó ní fóònù. Èmi ni aṣojú àwọn ọmọdé. Nírọ̀lẹ́, Bàbá á wọ kóòtù lé pijámà, wọ́n á jókòó sí ìdí tábìlì ìjẹun, wọ́n á sì máa bọ̀wọ̀ fún mi bí ẹni pé mo jẹ́ ọ̀gá kan níbì kan. "Ẹ̀yin aṣojú àwọn ọmọdé, kí lẹ rí sí i?" Bí ìpàdé bá ti parí báyìí, wọ́n á ní kí n lọ fọ abọ́.

Ìpàdé àkọ́kọ́ dá lórí ibi tí oníkálukú yóò máa jókòó sí. Ìkejì kò wáyé, nítorí Màmá ṣì wà lọ́jà Bódìjà, a kò pé. Nígbà tí wọ́n dé, Tólú ti wọ ilé ìyàgbẹ́, a kò tún pé. Ọjọ́ tí a dán ti íńtánẹ́ẹ̀tì wò ni mi ò lè gbàgbé. Tólú so fóònù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n, òbìrí kékeré kan sì yọ láàárín gíláàsì, ó ń yí, ó ń yí. Bàbá fara balẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n mú iná lọ. Bàbá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Eléyìí ò burú o. Kò ní ariwo." Òbìrí yẹn ni wọ́n rò pé ó jẹ́ eré.

Rìsì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá wo ìpàdé wa. Ó máa ń jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìsà. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Rìsì, tí wọ́n bá ti ti ìsọ̀ aṣọ wọn ní Dùgbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀pà sísè gòkè wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Àgbowó tó wá bá Tólú ṣeré náà jókòó, wọn ò lọ mọ́. Wọ́n pín sí ẹgbẹ́, àwọn kan ń gbè sẹ́yìn Màmá tí wọ́n fẹ́ dikódà, àwọn kan sẹ́yìn Tólú tó fẹ́ àpótí. Bí Bàbá bá ní a sún ọ̀rọ̀ di ọ̀la, gbogbo wọn á mí kanlẹ̀. Ìyá Rìsì á máa béèrè lórí àtẹ̀gùn pé aago mélòó ni tọ̀la. Inú ń bí mi. Ọlidé ń tán lọ, Rìsì sì ń fẹ̀yìn ti fìríìsà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí Rìsì àti ìyá rẹ̀ ń kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ gan-an ni Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì dé. Gbogbo ènìyàn rọ́ wọlé. Mo di Rìsì lọ́wọ́ mú, a jókòó sórí àga. Àwòrán yọ, ó mọ́ gaara, àwọn òyìnbó kan ń sáré kiri nínú mọ́tò. Àwọn ará Àgbowó ń tẹ fóònù. Ìyá Rìsì yán, wọ́n sì yíjú sí Bàbá.

"Bàbá Tólú, ẹ dákun, ẹ pa nǹkan yìí. Ẹ jẹ́ ká ṣèpàdé."

Bàbá wo àpótí náà, wọ́n wo èmi. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì jáde pẹ̀lú kóòtù. Wọ́n béèrè ohun tó wà nílẹ̀. Mo nawọ́ sókè, mo ní,

"Kí Rìsì má lọ."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n béèrè ẹni tó kín mi lẹ́yìn. Ìyá Rìsì fúnra wọn ló kọ́kọ́ nawọ́, gèlè wọn ń yọ bọ́. Màmá nawọ́, Tólú nawọ́, àwọn ará Àgbowó nawọ́. Awakọ̀ tó gòkè wá pè wọ́n náà ti nawọ́ kó tó béèrè ohun tí à ń sọ. Bàbá kéde pé ìgbìmọ̀ ti pinnu, kò sẹ́ni tó ta kò ó. Lẹ́yìn náà ni Rìsì àti ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n sì lọ.

Mo sunkún lórí àtẹ̀gùn títí mo fi ń sín. Bàbá wá jókòó tì mí, kóòtù ṣì wà lọ́rùn wọn. Mo ní ṣebí a ti pinnu. Wọ́n fi etí kóòtù náà nu ojú mi, wọ́n ní,

"Ìpàdé yìí ò tíì parí. A kàn sún un síwájú ni."

Mo gbà á gbọ́, mo sì ń retí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Àdúgbò Challenge, n'Íbàdàn kan náà, ni mò ń gbé báyìí pẹ̀lú àwọn ọmọ tèmi. Fíìmù ti ń bẹ̀rẹ̀ kí n tó jókòó, ọlidé ti dé, oníkálukú wà ní kọ̀rọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wù ú. Ọmọ tó ń bínú pé wọ́n ń fi nǹkan falẹ̀ ti di obìnrin tí ẹnikẹ́ni ò dá dúró mọ́, ilé sì dákẹ́ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Bàbá ti kú. Kóòtù wọn wà lọ́wọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, íńtánẹ́ẹ̀tì dákú. Mo wọ kóòtù náà lé aṣọ ilé, mo sì pe àwọn ọmọ sídìí tábìlì. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí. Èyí àgbà béèrè ohun tó wà nílẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ kan wà tí bàbá mi sún síwájú, mo ròyìn Rìsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì béèrè ẹni tó fọwọ́ sí i pé kí Rìsì má lọ. Èyí kékeré ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀lé e, nígbà tó yá, èmi náà na tèmi.