Pánù tí Bàbá Ishaq Kàn Sóko

Ẹ má sọ fún mi pé àmúwá Ọlọ́run ni o. Mo ti gbọ́ ọ tó. Ẹni tó bá tún sọ ọ́ nínú ilé yìí, àárín èmi àti ẹ̀ ò ní gún régé.

Kàsúmù lorúkọ ọkọ mi, Bàbá Ishaq lèmi ń pè é. Ọdún kẹrìnlá rèé tó ti ń gé pánù nílé iṣẹ́ kan n'Íkẹjà. Ariwo ẹ̀rọ ti ba etí rẹ̀ jẹ́. Tó bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá wa l'Ágége, gbogbo ojúlé ló ń gbọ́. Bàbá rẹ̀ ń dá gbé lóko lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, nínú ahéré koríko, láàárín iṣu àti igi kajú.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fi ahéré yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Bàbá Ishaq, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe pánù fún gbogbo ayé, abẹ́ koríko ni bàbá yín ń sùn!" Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, ó kó pánù lọ sóko, ó gun òkè fúnra rẹ̀, ó kàn án. Bàbá pe gbogbo ará oko wá wò ó.

Bàbá ní ìṣe kan ṣá. Tí ìjì bá ti ń bọ̀, wọn kì í dúró nínú ahéré. Wọ́n á sá jáde lọ dọ̀bálẹ̀ sáàárín ebè méjì títí tó fi máa rọlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti kékeré nìyẹn.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan, a ń jẹun lọ́wọ́ ni Bàbá pè. Bàbá Ishaq tan sípíkà fóònù.

"Kàsúmù, ìjì kan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ń pòyì, ó ń fa igi kajú tu. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ṣé kí n lọ sáàárín ebè?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Áà, Bàbá! Ìgbà tí koríko wà lórí yín nìyẹn. Èmi ni mo kan pánù yẹn fúnra mi. Ẹ jókòó jẹ́jẹ́ yín."

"Ó dáa, Àlàmú mi."

Èmi náà wà níbẹ̀. Mo gbọ́, mò ń jẹun mi lọ.

Àbúrò ọkọ mi, tí oko tiẹ̀ wà nítòsí, ló wú òkú wọn jáde lábẹ́ pánù àti igi àjà. Kò ku igi kajú kan lóòró. Ààrin ebè lòun dọ̀bálẹ̀ sí ní tiẹ̀. Kò fara pa rárá.

Látìgbà tá a ti sìnkú dé, Bàbá Ishaq ò lè lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Tó bá ti rí pánù, á yà gba ọ̀nà míì. Ayé ti sú u, ó ti sú èmi náà. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń kí i, "Ẹ kú aráfẹ́rakù." Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: "Mo ní kí wọ́n jókòó." Gbogbo ojúlé sì ń gbọ́ ọ.